Amọ̀ Tí Kò Lanu Lójú Àpáta Ọ̀kà

Bí àgbàlagbà kan bá jókòó tì ọ́, tó ń sọ fún ọ pé iṣẹ́ tí òun ṣe láyé dára, kọ́kọ́ wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kí o tó gbà á gbọ́. Bàtà tèmi rèé lẹ́nu ọ̀nà: ó ti jẹ ní gìgísẹ̀, imú rẹ̀ ti gbá àpáta àìmọye ìgbà, wọ́n sì ti pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ káàkiri Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà àti àwọn ìlú tó wà láàárín wọn, tí mò ń wá ibi tí àgbàrá lè gbà wọlé, òrùlé tí ìjì lè ṣí, àti òkúta tó lè já lu ènìyàn. Orúkọ tí ìjọba fún iṣẹ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí pátákó ẹnu ọ̀nà wa kò fi lè gbà á tán. Àwọn ará ìlú kò da ara wọn láàmú. Wolé-wolé ni wọ́n ń pè wá, bí àwọn tó ń yẹ ṣalángá wò.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà kò gba àlàyé. Mo ní dìgírì, ọ́fíìsì ní àga tó ṣófo. Owó oṣù wà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, ènìyàn kan ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, àti òkúta tó ń ṣe ẹsẹ̀ kẹrin. Ẹni náà ni ọ̀gá mi. Orúkọ rẹ̀ gan-an wà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n Bàbá Alámọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ike amọ̀ tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo táì ọrùn mi fún ìgbà pípẹ́.

"Wọ́n ní o lọ yunifásítì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Jíógíráfì ni mo kà."

Ó nawọ́ sí àpáta ńlá tó yọ lójú fèrèsé. "Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn níbẹ̀?"

"Gíránáìtì ni, sà."

"Ó dáa. Pè é ká gbọ́, bóyá á dáhùn."

Mo yọ táì náà lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tún wọ̀ ọ́ mọ́, àfi lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni mo ṣi nǹkan ṣe jù láyé mi. Màá dé orí ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá Alámọ̀ kọ́ mi ni pé kí n má gba ẹnu gbọ́. Odò kékeré kan wà ní Ìkàrẹ́ tó máa ń rántí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pé odò ni òun. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ pín ìrẹsì fún àwọn tí àgbàrá ṣe lọ́ṣẹ́, omi á ti bo gbogbo ilé dé òrùlé, títí kan ilé tó wà lórí òkè. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ pé katakata ń bọ̀ wá wó ilé tó wà lójú omi, a ò ní rí ẹni tó fojú kan omi rí.

Lọ́jọ́ kan, a dé ilé olóyè kan tó fi ọ̀dà funfun kun ògiri rẹ̀ ní àárín oṣù keje. Bàbá náà nà sórí àga, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra.

"Ẹ̀yin wolé-wolé," ó ní, "omi kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Omi mọ olóyè."

Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Ibi tó nà sí nílẹ̀ lọ́hùn-ún, mo rí i tó ń fi èékánná ha ìdí ògiri. Ẹrẹ̀ pupa yọ lábẹ́ ọ̀dà funfun, ó ga dé ibi orúnkún ọmọdé. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní kí ọlá bàbá pẹ́, a sì jáde.

"Ilé tí wọ́n bá kùn ní àárín òjò," ó wí fún mi lọ́nà, "béèrè ohun tí ọ̀dà ń bò mọ́lẹ̀."

"Ṣé ìdí tí ẹ fi dọ̀bálẹ̀ fún un nìyẹn, sà?"

"Kí ni ìwọ rò pé ìdọ̀bálẹ̀ wà fún?"

Ọ̀gá mi le bí ojú ẹja gbígbẹ. Mo kọ "bíi mítà mẹ́wàá" sínú ìwé kan nígbà tí a dé ìlú Ugbe, ní ti ọ̀nà tó wà láàárín gọ́tà àti ògiri ilé kan ní Ìkàrẹ́. Ó dá mi padà sí Ìkàrẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán. "Lọ bá mi mú 'bíi' yẹn kúrò," ó ní. Nígbà tí mo fi okùn wọ̀n ọ́n, mítà mẹ́rìnlá ni. Ó kàn mi orí, kò sọ pé mo ṣe dáadáa. Ní ọdún mẹ́fà tí mo fi wà lábẹ́ rẹ̀, n kò gbọ́ "o ṣeun" lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹni tí a bá ń yìn kì í padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Nǹkan tó fi gba orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Bí àpáta kan bá sán lókè ilé àwọn ènìyàn, Bàbá Alámọ̀ á po amọ̀ mọ́ eérú, kí ó má baà là fúnra rẹ̀ bó bá ń gbẹ. Á wá ibi tí òjò kì í dé lójú sísán náà, á lẹ amọ̀ yẹn kọjá láti etí kan sí èkejì, bí ẹni fi aṣọ di egbò. Kó tó gbẹ, á fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kọ déètì sí i lára. Àpáta kì í ké pé òun ń rìn. Ṣùgbọ́n bó bá yẹsẹ̀ bí ìbú irun orí, amọ̀ náà á là. "Bí ògiri ò lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀," ló máa ń wí. "Tiwa ni ká mọ ọjọ́ tó lanu, kí alángbá tó mọ̀." Ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin, a ó padà lọ wò ó. Bó bá là, ìwé á jáde pé kí wọ́n kó kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá là, a ó kọ "kò yẹsẹ̀" sínú fáìlì, a ó sì máa lọ.

Òfin kan sì wà tó fi ń lù mí létí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń kà. "Má sọ ohun tí amọ̀ yẹn wà fún fún onílé láéláé. Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba á fi ọ̀bẹ là á. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó kúrò á rẹ́ ẹ. Ohun tí ènìyàn ò bá mọ̀, kò lè bà á jẹ́." Mo kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ mi, mo sì fa ìlà sí i lábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìfura ni oògùn àgbà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo sì gbé gbogbo ìgò oògùn náà mì.

Nígbà tí Bàbá Alámọ̀ fẹ̀yìn tì, ó gbé ike náà lé mi lọ́wọ́. Lára àwọn àpáta tó fi sílẹ̀ fún mi ni ọ̀kan wà lókè Ìwàrò-Ọ̀kà tí wọ́n ń pè ní Òkúta Ìkòkò, nítorí ó dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ilé Àfáà Búràímọ̀ wà. Àfáà ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ogún ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wàláà lórí itan. Bí òkúta yẹn bá já, orí wọn ló ń já lé. Kò sí ọjọ́ tí mo gun òkè yẹn tí n kò rántí èyí.

Mo lẹ amọ̀, mo kọ déètì, mo bá tèmi lọ. Ìyàwó Àfáà, Ìyá Ràṣídá, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo gbogbo ohun tí mo ń ṣe. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, amọ̀ náà dán, ó dì pọ̀, kò sí ojú ìlà kan lára rẹ̀. Kò yẹsẹ̀. Oṣù mẹ́rin mìíràn, kò yẹsẹ̀. Ọdún kejì, ọdún kẹta, kò yẹsẹ̀. Obìnrin náà á gbé omi tútù fún mi, á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, wolé-wolé. Ọkàn wa ti balẹ̀ látọjọ́ tí ẹ ti fi nǹkan yẹn sí i."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń wò ó tìfuratìfura. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé nígbà náà. Mo gbà pé ó fẹ́ kí n bá a wáṣẹ́ ni.

Káńsẹ́lọ̀ kan wá dé. Ó wọ ọ́fíìsì mi pẹ̀lú fìlà tó ga ju ipò rẹ̀ lọ, ó jókòó sórí tábìlì, tábìlì náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú.

"Wolé-wolé, kọ ọ́ pé kí Àfáà kó kúrò níbẹ̀. Òkúta yẹn ò dáa."

"Ṣé ẹ ti lọ wò ó ni, ọlọ́lá?"

"Ṣé ó dìgbà tí mo bá lọ wò ó? Ìfẹ́ àwọn ènìyàn mi ló ń gbóná lọ́kàn mi."

Ìfẹ́ tó ń gbóná bẹ́ẹ̀, mo ní kí n lọ wo ohun tó ń sè. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé ó ti mú àwọn kan wá wọn ilẹ̀ náà, pé òtẹ́ẹ̀lì ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí káńsẹ́lọ̀ bá ní òkúta yẹn fẹ́ já, ni mo ń fi bírò tó dúdú jùlọ kọ "kò yẹsẹ̀". Mo rò pé mò ń gba Àfáà sílẹ̀ lọ́wọ́ olè. Kò wá sí mi lọ́kàn pé olè náà lè sọ òótọ́ nígbà tó bá bá a lára mu.

Ìgbà kan wà tí mo rí i pé nọ́ńbà méje tí mo kọ sínú déètì náà ti yọ ìrù, mi ò sì rántí pé mo fi ìrù sí i. Mo fura sí káńsẹ́lọ̀. Ṣùgbọ́n káńsẹ́lọ̀ ìbá fẹ́ kí amọ̀ là, kò ní fẹ́ kó dì. Mo fura sí Àfáà, ṣùgbọ́n Àfáà kì í gun òkè, àyà rẹ̀ máa ń já. Nígbà tí mo fura sí gbogbo ènìyàn tán, mo fura sí ojú ara mi, mo sì lọ ra awò.

Wọ́n pè mí sí sẹ́mínà ní Àkúrẹ́ láti wá sọ̀rọ̀ nípa Òkúta Ìkòkò, òkúta tí kò yẹsẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo wọ táì. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀kan tilẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ gidi, wọ́n sì fún mi ní báàgì tí orúkọ sẹ́mínà wà lára rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti yà sílé Bàbá Alámọ̀ láti gbé fáìlì náà hàn án. Ó ti darúgbó gan-an. Ó ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́.

"Ọdún mẹ́sàn-án, kò là lẹ́ẹ̀kan?"

"Kò là, sà."

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ènìyàn kò gbé ńkọ́?"

"Ìyẹn ti là lẹ́ẹ̀mẹta, sà. Mo sì tún un lẹ̀."

Ó pa fáìlì dé. "Ọ̀rọ̀ tó bá gún jù, yẹ ìdí rẹ̀ wò."

"Mo ti yẹ káńsẹ́lọ̀ wò, sà."

"Mi ò ní kí o yẹ káńsẹ́lọ̀ wò." Ó wo báàgì tí mo gbé kọ́ apá, ó sì ti fáìlì náà padà sí mi. Ó kú kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún náà dé. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n pe ìrun Ásárì, Àfáà kó gbogbo àwọn ọmọ lọ sí mọ́ṣáláṣí tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó rántí pé àwọn wàláà ṣì wà lórí ẹní, pé òjò tó ń fẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ á fọ ohun tí àwọn ọmọ kọ. Òun nìkan ló padà. Àwọn tó wà ní mọ́ṣáláṣí ní àwọn kò gbọ́ ariwo tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ kàn mì lábẹ́ iwájú orí àwọn nígbà tí àwọn forí kanlẹ̀. Òkúta Ìkòkò wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún Àfáà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé e lókè orúnkún.

Kí n tó lọ kí i, mo kọ́kọ́ gun òkè lọ wo ibi tí òkúta náà ti já. Lára etí tó kù lókè ni mo ti rí amọ̀ mi. Ó nípọn tó wàláà mẹ́rin tí a tò léra. Mo fi ọ̀bẹ là á ní ẹ̀gbẹ́, mo rí ìpele lórí ìpele. Bí mo bá sì ti ṣí ọ̀kan, déètì kan náà ni mo ń bá nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ń dán sí i lọ́dọọdún.

Ìyá Ràṣídá jókòó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo dé. Ó dìde kí mi. Ó dìde kí èmi!

"Wolé-wolé, kí la ṣe tí kò fi dì í mú?"

"Kí ni kò dì í mú, ìyá?"

"Nǹkan tí ẹ fi sí i. A ò fi jáfara o. Bó bá ti là báyìí, mo ti po amọ̀ mìíràn nìyẹn. Hàǹtú ààbò tí ẹ fi ìgbálẹ̀ kọ sí i náà, bí mo ṣe bá a ni mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò yọ nǹkan kan sílẹ̀."

Mo bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ń là?"

"Ta ló ń kà á? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè pé oṣù kan. Lójú òjò, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ." Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́. "Àbí hàǹtú yẹn ni mo ṣì kọ?"

Ẹ wò ó, mo ní ìdáhùn. Gbólóhùn méjì ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ gbólóhùn méjì yẹn, màá ní láti sọ ìdí tí n kò fi sọ ọ́ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo ní, "Rárá, ìyá. Ẹ ò ṣi nǹkan kan kọ." Orí bẹ́ẹ̀dì lọ́hùn-ún, Àfáà la ojú. "Ẹ wá àga fún wolé-wolé," ó wí. "Ó ti pẹ́ tó ti dúró lórí ẹsẹ̀."

Mo tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Irinṣẹ́ ń yí padà, mo sì ń bá a yí. A fi sìmẹ́ǹtì rọ́pò amọ̀, a fi dígí rọ́pò sìmẹ́ǹtì, ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ wá rọ́pò okùn mi. Nígbà tó yá, wọ́n fún wa ní dúróònù tó ń fò wo àpáta láti òkè. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e lọ sí Ugbe, àgbẹ̀ kan gbé ìbọn jáde, ó ní àwọn ajínigbé ló rán an. N kò dá a lẹ́bi. A ò kúkú sọ fún un. Kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n kọ ìwé ìlànà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo kọ gbogbo ohun tí Bàbá Alámọ̀ kọ́ mi, láì yọ òfin kan kúrò. Bí mo bá yọ èyí tó jẹ mọ́ onílé, ẹnìkan á bi mí ní ìdí.

Ọdún yìí, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, fóònù mi dún. Ìyá Ràṣídá ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ilé mìíràn fún wọn níbi tó jìnnà sí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ní Ọ̀kà, ta ló jìnnà sí àpáta?

"Wolé-wolé, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ti dé o. Wọ́n lẹ nǹkan mọ́ àpáta ẹ̀yìnkùlé wa. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ká má ṣèyọnu."

"Ṣé ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Èmi kẹ̀? Mo kàn fi ike bò ó ni, kí òjò má pa á."

Mo wọ bàtà mi. Nígbà tí mo débẹ̀, Àfáà wà lórí àga, ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ràṣídá ọmọ wọn ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú báyìí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ àpáta. N kò tíì jókòó tí Tósìn fi wọlé, ọmọbìnrin tó gba àga mi lọ́fíìsì. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló dákẹ́ tó fi sáré wá.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé ike lé sẹ́nsọ̀ wa?"

"Èmi ni," Ìyá Ràṣídá dáhùn. "Kí ló wà fún?"

"Sẹ́nsọ̀ ni, mà. Ó ń fi dátà ránṣẹ́ sí wa."

"Mi ò bi ọ́ ní orúkọ ẹ̀, ọmọ mi."

Tósìn fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Sà, wọ́n ní ká má sọ fún onílé. Wọ́n á máa fọwọ́ kàn án."

"Ta ló ní kí ẹ má sọ?"

"Ìwé yín ni, sà. Ojú ewé kẹrin. Ẹ tiẹ̀ fa ìlà sí i lábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ lẹ́yìn mi, tí wọ́n ń ké kéwú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo padà síwájú Àfáà àti ìyàwó rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀, nítorí ìdọ̀bálẹ̀ kò bá orúnkún mi mu mọ́.

"Ìyá Ràṣídá, bí iná ara nǹkan yẹn bá di pupa, àpáta ti ń rìn nìyẹn. Kí gbogbo yín jáde lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má padà wá mú nǹkan kan. Kì í di àpáta mú. Amọ̀ àtijọ́ náà ò dì í mú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ là ló ti yẹ kí ẹ sá."

Ìyá Ràṣídá yí àtẹ́lẹwọ́ tó fi po amọ̀ sókè, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí ike náà kúrò lórí ẹ̀rọ. Iná aláwọ̀ ewé kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?" Àfáà bi mí.

"Òun náà nìyẹn, Àfáà."

Ó fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, ó gbé e lé itan tó ṣẹ́kù fún un.

"Ọ̀rọ̀ náà ò mà gùn," ó ní.